Bí Ẹ̀ka Igi Aládùúgbò Bá Wọ Ọgbà Yín

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, igi máńgòrò kò ṣọ̀wọ́n. Ilé tí kò bá ní tirẹ̀, ti ẹlòmíràn á na ẹ̀ka wá bá a. Nígbà tó bá so, kò sẹ́ni tó ń ráhùn. Àmọ́ bí ẹ bá gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata sẹ́yìnkùlé, tí oòrùn kò kàn wọ́n mọ́, ọ̀rọ̀ ti di méjì nìyẹn. Ohun tí mo ṣe nìyí nígbà tí máńgòrò bàbá ẹ̀yìn ilé wa sọ ebè ata mi di ibòòji.

Ẹ kọ́kọ́ wá ààlà. Ilẹ̀ àtijọ́ lè ní pèrègún; tuntun á ní òkúta tí awọnlẹ̀ rì. Ẹ ta okùn láti ọ̀kan dé èkejì, kí ẹ wòkè. Èmi rò pé ìdajì igi náà ló wà lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo ta okùn, ẹ̀ka mẹ́ta péré ni. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì pariwo.

Ẹ mọ ìgbà tí ẹ ó lọ. Inú ọyẹ́ ni máńgòrò ń yọ òdòdó. Ẹni tó bá lọ ní kí wọ́n gé e nígbà náà, owó tó ń bọ̀ ló ní kí wọ́n gé. Ẹ dúró kí wọ́n ká a tán. Ẹ̀ka gbígbẹ nìkan ni kò ní àsìkò, torí ìjì òjò àkọ́rọ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, páànù yín ló sì máa wó lé.

Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ, nírọ̀lẹ́, ẹ má ṣe rán ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwe igi tó máa gúnni lójú bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ìjà ló sì máa ń dà ní pálọ̀ onígi. Èmi dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ máńgòrò yín ni mo bá wá. Ẹ̀ka mẹ́ta ló bo ata mi.”

Wọ́n wò mí. “Ṣé o jẹ nínú ẹ̀ lọ́dún yìí?”

“Mo jẹ, sà.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n dìde, a jọ lọ wò ó. Àdéhùn wa: èmi á sanwó ẹni tó máa gé e, igi tí wọ́n bá gé á jẹ́ tiwọn.

Bí onígi bá kọ̀ ńkọ́? Òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà yín láyè láti gé ohun tó kọjá ààlà, dé ojú ààlà náà, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ rẹ̀ láìgbàṣẹ, òun ló sì ni ẹ̀ka àti èso. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ gbé e dé ìpàdé onílé àdúgbò. Kọ́ọ̀tù ni kó kẹ́yìn. Ẹni tó bá da oògùn sídìí igi lóru, tirẹ̀ ti bàjẹ́.

Gígé gan-an wá. Bí wáyà iná bá wà nítòsí, ẹ má gùn ún; ẹ lọ bá iléeṣẹ́ iná kí wọ́n gbé iná kúrò. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, torí oje máńgòrò máa ń bó ara, àwọn eèrà pupa tí ń fi ewé kọ́lé kò sì mọ àlejò. Ẹ má fi àdá bẹ ẹ̀ka ńlá, ayùn ni. Ẹ kọ́kọ́ ré e láti abẹ́, ní bí 30 sẹ̀ǹtímítà sí ara igi, kó wọlé dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ wá gé e láti òkè, síwájú díẹ̀ sí ọ̀nà orí ẹ̀ka. Bó bá já, kò ní ya èèpo igi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gé kùkùté tó kù, níbi tí ọrùn ẹ̀ka ti wú, láìgé ọrùn náà. Ibẹ̀ ni igi ti ń wo ara rẹ̀ sàn. Bí ẹ̀ka náà bá wúwo, kí wọ́n fi okùn sọ ọ́ kalẹ̀.

Gbòǹgbò yàtọ̀. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gé e. Èyí tó bá tó ọrùn ọwọ́, ẹ fi í sílẹ̀, kí igi náà má baà wó lù yín. Níbi tí irú rẹ̀ bá wà, ẹ gbin ata sínú àpò ìrẹsì.

Àwọn ọmọ Bàbá ló kó igi náà lọ. Mo tọrọ ewé rẹ̀, mo sì tẹ́ ẹ sáàárín ebè kí ilẹ̀ má tètè gbẹ.