Bí a ṣe ń fi àdírẹ́sì IPv6 sórí swíìṣì

Ẹni tó bá ra swíìṣì (àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà ilé pọ̀) Cisco Catalyst 2960 tòkunbọ̀ sí ọ́fíìsì rẹ̀ máa ń bi mí pé, "Ṣé ó gba IPv6?" (IPv6 ni irú àdírẹ́sì tuntun tí ẹ̀rọ ń jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.) Èmi náà á bi í pé, kí lo fẹ́ kó fi IPv6 ṣe? Tó bá jẹ́ pé kí dátà kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni, swíìṣì yòówù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí kan oníhò márùn-ún olówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀yìn àpò lẹ́tà nìkan ni swíìṣì ń kà, ìyẹn àdírẹ́sì MAC, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Kì í tú lẹ́tà inú rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ di wàhálà nígbà tí swíìṣì fúnra rẹ̀ bá fẹ́ ní àdírẹ́sì, kí ẹ lè máa wọ inú rẹ̀ láti ibi tí ẹ jókòó sí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí àdírẹ́sì náà ṣe rí. IPv4 àtijọ́ jẹ́ bíìtì 32, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, ìdì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ IANA (àjọ tó ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ayé) sì tán ní oṣù Kejì ọdún 2011. IPv6 jẹ́ bíìtì 128, a sì ń kọ ọ́ ní ọ̀wọ́ mẹ́jọ:

2001:0db8:0010:0000:0000:0000:0000:0002

Ẹ yọ òdo tó ṣíwájú nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi :: rọ́pò àwọn ọ̀wọ́ òdo tó tò tẹ̀ léra. Ó di 2001:db8:10::2. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè lo :: nínú àdírẹ́sì kan, bí ẹ bá lò ó lẹ́ẹ̀mejì, ta ni yóò mọ iye òdo tó wà níbì kọ̀ọ̀kan? Àpẹẹrẹ nìkan ni 2001:db8 wà fún o, tiyín lẹ óò fi sí i.

Ó yá. Ẹ fi wáyà kọ́ńsòlù (wáyà tí a fi ń bá swíìṣì sọ̀rọ̀ tààrà) so láptọ́ọ̀pù yín mọ́ swíìṣì náà, kí ẹ tẹ enable, lẹ́yìn náà:

show sdm prefer

Ibí lọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ṣe ni wọ́n ti pín àyè ìrántí inú swíìṣì yìí sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́, wọn ò sì yọ ti IPv6 sọ́tọ̀. Tí ẹ kò bá rí dual-ipv4-and-ipv6 níbẹ̀, ẹ tún un pín (ẹ̀dà sọ́fítíwìà swíìṣì tó ń jẹ́ LAN Base ni mo ń sọ):

configure terminal
sdm prefer dual-ipv4-and-ipv6 default
end
reload

Reload yìí, ìyẹn pípa swíìṣì àti títan án padà, alẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Mo ṣe é rí ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń san owó oṣù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo ilé sì kú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ohun tí ọ̀gá akáwǹtì pè mí lọ́jọ́ náà kò ṣeé kọ síbí.

Tó bá ti jí padà (vlan 1 ni ojú ọ̀nà tí swíìṣì fúnra rẹ̀ fi ń gba àdírẹ́sì):

configure terminal
interface vlan 1
ipv6 address 2001:db8:10::2/64
no shutdown
end
write memory

/64 túmọ̀ sí pé ìdajì àkọ́kọ́ jẹ́ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìdajì kejì jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ẹ tẹ show ipv6 interface brief. Àdírẹ́sì méjì lẹ máa rí. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FE80, swíìṣì ló fún ara rẹ̀, kì í sì í jáde kúrò ní àdúgbò. Láti orí láptọ́ọ̀pù tí òun náà ní àdírẹ́sì 2001:db8:10::, ẹ tẹ ping 2001:db8:10::2. Tó bá dáhùn, iṣẹ́ ti ṣe.

Tí ẹ bá ń lọ ra tuntun, ẹ béèrè RA guard. Nínú IPv6, ẹ̀rọ yòówù lè dìde láàárín ọjà kó ní òun ni ráútà (ẹ̀rọ tó ń ṣí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé), àwọn yòókù á sì gbà á gbọ́. Láptọ́ọ̀pù kan tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ẹlòmíì tó láti da gbogbo ilé rú. RA guard ló ń pa irú ariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́ níbi ihò tó ti wọlé.

Ẹ má sì gbàgbé pé òfin tí ẹ ti kọ lórí ẹni tó lè wọ inú swíìṣì láti òkèèrè, IPv4 nìkan ló mú. Ẹ kọ ti IPv6 lọ́tọ̀ kó tó di pé ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.