Bí mo ṣe kọ áàpù ìgbanisíṣẹ́ tiwa, àti lẹ́tà tó fẹ́ sọ mí di wèrè

Bíìlì ló bí i. Ilé-iṣẹ́ kan ló ń yá wa ní áàpù tí a fi ń gba èèyàn síṣẹ́, orí ni wọ́n sì fi ń ka owó: gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé wo orúkọ àwọn tó ń wáṣẹ́, a ó san tirẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà tí a jẹ́ mẹ́ta, kò dun ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wá ní kí gbogbo olórí ẹ̀ka máa fojú ara wọn wo CV kí wọ́n tó pe èèyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ni a bá di mọ́kànlá, bíìlì sì gòkè tí ojú ò gbà á mọ́.

Èyí kọ́ ló tilẹ̀ bí mi nínú jù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kó fáìlì wa jáde. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe: kí n ṣí ojú ìwé ẹnì kan, kí n tẹ bọ́tìnì, kí n padà, kí n ṣí ti ẹlòmíràn. Àwọn èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan! Ẹnu kíkó náà la wà tí a fi rí i pé CV àwọn kan kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ni wọ́n ní lẹ́tà lọ́wọ́ pé a ti rí ìwé wọn gbà. Ẹ fi lẹ́tà yẹn sọ́kàn o, a ó padà débẹ̀.

Mo sọ fún ọ̀gá pé, "Ẹ jẹ́ kí n kọ tiwa, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré." Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni mo lò.

Bí a ṣe ń gbé Django (irinṣẹ́ tí mo fi kọ áàpù náà) kalẹ̀, bí a ṣe ń so ó mọ́ PostgreSQL (dátábéésì, ibi tí ìsọfúnni ń gbé), fọ́ọ̀mù, páàsíwọ́ọ̀dù, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín; ẹni tó bá ti kọ áàpù rí mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ ni kó jẹ́ abala-abala, èyí tí àwa oníkóòdù ń pè ní module, kí n lè yọ ọ̀kan tàbí kí n fi òmíràn kún un láìfọwọ́ kan ìyókù. Mo pín in sí mẹ́rin: iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀, àwọn tó ń wáṣẹ́, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àti lẹ́tà. Áàpù kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, sáfà kan, dátábéésì kan. Àwọn kan ní kí n fọ́ ọ sí áàpù wẹ́wẹ́ tí yóò máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi nìkan ni mo ń ṣe é! Mo dúpẹ́ pé mi ò gbọ́ tiwọn.

Òfin tí mo fi dè wọ́n le: abala kan kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ tábìlì abala mìíràn, ìyẹn ibi tó ń tọ́jú nǹkan tirẹ̀ sí nínú dátábéésì. Tí lẹ́tà bá fẹ́ mọ orúkọ ẹnì kan, kí ó kan ilẹ̀kùn, ìyẹn fáìlì services.py tí abala kọ̀ọ̀kan ní. Kí ó má ṣe gba ojú fèrèsé. Mo fi import-linter, ètò tó ń yẹ kóòdù wò bóyá abala kan ń rú òfin yẹn, ṣọ́ ọ, torí mo mọ ara mi: tó bá di aago méjì òru, fèrèsé ni n ó gbà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ kò gbà mí ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n ó tì mí lójú. Mo kọ "a ti pè é" tàbí "kò yege" sára èèyàn fúnra rẹ̀. Ẹnì kan wá iṣẹ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa, a kọ̀ ọ́ níbi ọ̀kan, ni áàpù bá kọ "kò yege" sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èèyàn ọ̀tọ̀, ìwé tó kọ ọ̀tọ̀. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tábìlì tirẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ó wá ku lẹ́tà. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò le rárá: ẹnì kan fi fọ́ọ̀mù àti CV ránṣẹ́, abala àwọn tó ń wáṣẹ́ tọ́jú rẹ̀, ó sì sọ fún abala lẹ́tà pé, "Nọ́ńbà 412 ti dé, kọ̀wé sí i." Mo gbé iṣẹ́ íméèlì fún Celery, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, kó máa ṣe é lẹ́yìn, kí ẹni tó ń wáṣẹ́ má baà dúró lójú fọ́ọ̀mù. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ń lọ geerege. A gbé e lọ sórí sáfà, àwọn kan rí lẹ́tà gbà, àwọn kan kò rí.

Ká ní kò sẹ́ni tó rí i gbà rárá ni, ǹ bá ti tètè mọ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lónìí tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́la ló ń pa èèyàn. Mo di ẹ̀bi ru àwọn tó ń bá wa gbé íméèlì. Mo tún SPF ṣe, mo tún DKIM ṣe (àwọn ni a fi ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ wa ni íméèlì ti wá lóòótọ́), odidi ọjọ́ mẹ́ta. Mo bẹ àwọn tó ń wáṣẹ́ pé kí wọ́n wo inú spam wọn. Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló wá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ ò rí i pé àwọn tí CV wọn tóbi ni kì í rí lẹ́tà?" Mo rẹ́rìn-ín. Kí ló kan lẹ́tà nínú bí CV ṣe tóbi? Mo lọ wò ó kí n lè fi hàn án pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.

Log Celery, ibi tó ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, ń kọ DoesNotExist: nọ́ńbà 412 kò sí. Mo ṣí dátábéésì, 412 jókòó síbẹ̀ ó ń wò mí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Mo ti fi ATOMIC_REQUESTS sí True. Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tí fọ́ọ̀mù kan bá kọ sínú dátábéésì, inú transaction kan ló wà, ẹlòmíràn kò sì lè rí i títí iṣẹ́ fi máa parí, tí commit, ìyẹn ìfọwọ́sí pé ohun tí a kọ ti wọlé pátápátá, á sì wáyé. Èmi a kọ orúkọ sílẹ̀, n ó ránṣẹ́ sí Celery, ẹ̀yìn ìyẹn ni n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ka ọ̀rọ̀ inú PDF. Celery kì í dúró de èèyàn. Kí n tó ka PDF ńlá tán, ó ti dé dátábéésì, kò bá ẹnikẹ́ni nílé, ó ti bá tirẹ̀ lọ. PDF kékeré máa ń parí kó tó dé. Lórí kọ̀ǹpútà tèmi ńkọ́? CELERY_TASK_ALWAYS_EAGER, tó ń mú kí iṣẹ́ Celery ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nínú áàpù fúnra rẹ̀, wà ní True níbẹ̀, nítorí náà inú transaction kan náà ni lẹ́tà ti ń ṣiṣẹ́, ó ń rí ohun tí ará ìta kò tíì lè rí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bo kòkòrò náà mọ́lẹ̀.

Ìtúnṣe àkọ́kọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín: countdown=5. Mo ní kí Celery sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 ná. Ó ṣiṣẹ́ títí ẹnì kan fi gbé CV olójú ìwé 40 wá. Ìtúnṣe kejì ni mo fi yangàn: dípò nọ́ńbà, mo di orúkọ àti íméèlì fún Celery lọ́wọ́, kó má nílò dátábéésì mọ́. Gbogbo lẹ́tà ń lọ. Mo lọ bá ọ̀gá pé ó ti parí, mo sì sùn àsùnwọra.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí obìnrin kan fi pè. Ó ní òun rí lẹ́tà pé a ti gba ìwé òun, kí ló dé tí a ò tíì pe òun? Mo wá orúkọ rẹ̀, kò sí. PDF tó fi ránṣẹ́ ló bàjẹ́, kíkà á dojú iṣẹ́ bolẹ̀, transaction sì pa gbogbo ohun tó ti kọ rẹ́. Lẹ́tà ní tirẹ̀ ti lọ. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ bú àwọn tó ń yá wa ní áàpù, èmi náà ti ṣe é, mo tún ti lọ fi yangàn níwájú ọ̀gá. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin náà, mo ní kó tún ìwé rẹ̀ fi ránṣẹ́.

Ìlà kan ṣoṣo ló yanjú rẹ̀: transaction.on_commit. Kí commit wáyé ná, kí a tó pe Celery. Ó ti wà nínú Django tipẹ́, mo sì ti kà nípa rẹ̀ rí, ìyẹn ló dùn mí. Bí mo ṣe fi í síbẹ̀ báyìí ni àwọn ìdánwò tí mo kọ láti fi yẹ kóòdù mi wò ní kò sí lẹ́tà kankan tó lọ, nítorí pé TestCase Django ń fi transaction yí ìdánwò kọ̀ọ̀kan ká, kì í sì í ṣe commit. captureOnCommitCallbacks, tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ on_commit ṣeé ṣe nínú ìdánwò, tó sì wọlé ní Django 3.2, ló gbà mí níbẹ̀.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí Redis, ibi tí iṣẹ́ tí a rán Celery ti ń dúró dè é, bá kú lẹ́yìn commit, lẹ́tà ti sọnù nìyẹn. Nítorí náà mo fún abala lẹ́tà ní tábìlì tirẹ̀: inú transaction tó tọ́jú CV náà la ti ń kọ lẹ́tà tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sílẹ̀, Celery á máa wá gbá wọn jọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Tí ìkan bá wọlé, ìkejì wọlé. Tí ìkan bá ṣubú, wọ́n jọ ṣubú ni. Ó lè ṣèèṣì kọ lẹ́tà méjì sí ẹnì kan. Mo gba ìyẹn.

Ibi tí mo ti gbé àyà ga ni pé nígbà tí ọ̀gá ní a fẹ́ máa ṣe ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń wáṣẹ́, ọjọ́ méjì ni mo fi kọ abala rẹ̀, mi ò sì ṣí fáìlì kankan nínú mẹ́rin tó wà nílẹ̀ àyàfi lẹ́tà. Ká ní mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, bí abala kan yóò ṣe máa ránṣẹ́ sí èkejì ni n ó kọ́kọ́ kọ, n ó sì dán an wò lórí sáfà gidi pẹ̀lú PDF tó wúwo àti èyí tó bàjẹ́. N ó yọ EAGER yẹn kúrò lọ́jọ́ kìíní.

A ti pa àkáǹtì wa lọ́dọ̀ àwọn tó ń yá wa ní áàpù. Abala ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣì ń kọ aago UTC (aago àgbáyé, kì í ṣe ti ibi tí èèyàn wà) sínú lẹ́tà, ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn kì í mọ ìgbà tó yẹ kó wọlé, nítorí náà àwọn olórí ẹ̀ka ṣì ń fi Excel tò ó. Mi ò tíì ráyè débẹ̀.