Ẹ Má Fi Irọ́ Kún Iyì Nàìjíríà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lẹ́nu Wa

Wọ́n ní kí n wá bá wọn bèèrè ìbéèrè níbi ìdíje àwọn ọmọ iléèwé lọ́jọ́ òmìnira. Mo bèèrè pé, "Orílẹ̀-èdè wo ló kọ́kọ́ ní tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Áfíríkà?" Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jókòó ní ìparí bẹ́ǹṣì nawọ́ sókè, ó ní, "Mòrókò ni, sà." Mo ní kò gbà á. Mo gbé e fún iléèwé tó kàn, wọ́n pariwo "Nàìjíríà!", gbọ̀ngàn ho yèè, mo fún wọn ní máàkì méjì. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, ojú sì gbà mí tì.

Ọmọ yẹn ló gbà á. Láti ọdún 1954 ni tẹlifíṣọ̀n ti wà ní Mòrókò. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959 ni WNTV ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Àwa tó bá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn òbí wa kò sì yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an dùn ún gbọ́ ju èyí tí à ń sọ lọ. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló dá a sílẹ̀ kí a tó gba òmìnira, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kò tíì ní tirẹ̀. Ọdún 1960 ni Íjíbítì tó bẹ̀rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà, pẹ̀lú gbogbo owó tó ní, ó di 1976 kí wọ́n tó máa wo tẹlifíṣọ̀n nílé wọn.

Ká máa lẹ "àkọ́kọ́" mọ́ gbogbo nǹkan, òun ni àṣìṣe tó pọ̀ jù lẹ́nu wa. Wọ́n á ní Wọlé Ṣóyínká ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel. Rárá o. Albert Luthuli ọmọ Gúúsù Áfíríkà ló ni ẹ̀bùn àlàáfíà ti ọdún 1960, Anwar Sadat ti Íjíbítì gba tirẹ̀ ní 1978, Desmond Tutu ní 1984. Ẹ̀bùn ti lítíréṣọ̀ ni Ṣóyínká gbà ní 1986, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Ẹ wò ó bí irọ́ ṣe kéré sí òtítọ́: irọ́ dúró sí Áfíríkà, òtítọ́ kárí ayé.

Ti Chioma Ajunwa tún gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ní òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba góòlù Òlíńpíìkì. Nawal El Moutawakel ti Mòrókò ti gbà á ní 1984, Derartu Tulu ti Etiópíà ní 1992. Àwọn tó fẹ́ tún un ṣe á wá ní, ó dáa, òun ni àkọ́kọ́ nínú eré fífò. Èyí náà ò tọ́, nítorí Esther Brand, òyìnbó Gúúsù Áfíríkà, ti gba góòlù fífò sókè ní 1952. Bó ṣe yẹ ká sọ ọ́ ni pé Ajunwa ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba góòlù nínú eré fífò tàbí jíjù, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dá góòlù Òlíńpíìkì gbà láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn. Ní Atlanta ni, ní 1996. Ó fo mítà 7.12 nínú fífò rẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó bá a níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọlọ́pàá sì ni o.

Àwọn tó ń pe Philip Emeagwali ní bàbá íntánẹ́ẹ̀tì náà ń bẹ. Ọdún 1954 ni wọ́n bí i. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ so kọ̀ǹpútà ARPANET, èyí tó padà di íntánẹ́ẹ̀tì, pọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1969, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹ̀bùn Gordon Bell tó gbà ní 1989 fún ìṣirò lórí ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ 65,536 tó ohun tí à ń yangàn sí, kò nílò oyè tí kì í ṣe tirẹ̀.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Erédò Súngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ tó wà ní Ìjẹ̀bú. Gbogbo ìgbà ni wọ́n á máa sọ pé Ọbabìnrin Ṣébà, èyí tó lọ kí Sólómọ́nì, ló gbẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìgbà Sólómọ́nì ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Iye ọdún tí àwọn awalẹ̀pìtàn fún Erédò kò tilẹ̀ tó ìdajì ìyẹn. Mi ò bá ẹni tó ń lọ gbàdúrà ní Òkè-Ẹ̀rí, níbi tí wọ́n ní ibojì rẹ̀ wà, jà; ìgbàgbọ́ ni ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ bí ìtàn.

Mo ti sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ rí. Ọ̀nà ibẹ̀ ń yọ̀, ẹ ó máa di gbòǹgbò igi mú bí ẹ ṣe ń lọ. Bí ẹ bá ti dé ìsàlẹ̀, ògiri erùpẹ̀ pupa á dúró gọnbọ lọ́tùn-ún lósì, ewédò á bò ó, ewé igi á pàdé lókè orí yín débi pé ọ̀sán gangan á rí bí ìrọ̀lẹ́. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé ténté odi tó mítà ogún níbòmíràn. Ó gùn ju kìlómítà 160 lọ. Kò sí katakata nígbà náà. Ọkọ́ ni, agbọ̀n ni, ọrùn èèyàn ni. Ìgbàkígbà tí a bá gbé iṣẹ́ yìí fún Ṣébà, àwọn baba Ìjẹ̀bú tó fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ẹ la gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún ìfiwéra náà. "Odi Benin gùn ju Odi Ṣáínà lọ nígbà mẹ́rin." Kìlómítà 16,000 tí wọ́n ń kà fún Benin, àpapọ̀ yàrà àti ààlà ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé ni, kì í ṣe odi kan ṣoṣo, Ṣáínà náà sì ka gbogbo ẹ̀ka tirẹ̀ ní 2012, ó jẹ́ 21,196. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀ Dùfúnà, tí wọ́n ń pè ní ọkọ̀ ojú omi tó pẹ́ jù láyé. Èyí tí wọ́n rí ní Pesse ní Netherlands ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tiwa ló pẹ́ jù ní Áfíríkà, ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́jọ. Ibi tó ti yẹ kí ẹnu yà wá ni bí wọ́n ṣe rí i: ní 1987, darandaran kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé kan ní Yobe, nítorí omi, ni irinṣẹ́ rẹ̀ bá kan ọkọ̀ ojú omi tó gùn ju mítà mẹ́jọ lọ lábẹ́ ilẹ̀.

Àṣìṣe ọjọ́ àti ọdún pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni mo fẹ́ mú. Wọ́n máa ń ní ìyàwó Lugard ló sọ wá ní Nàìjíríà ní 1914. Flora Shaw kọ orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní, ọdún 1897. Kò tíì fẹ́ Lugard nígbà náà. Ọdún 1902 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Yorùbá ń dúró di ọjọ́ kẹjọ kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ti Nàìjíríà, orúkọ ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún kí wọ́n tó bí ọmọ.

Nípa ìbejì Ìgbó-Ọrà, ẹ sọ iye, ẹ má sọ ìdí. Ìwádìí oníṣègùn Patrick Nylander rí ìbejì tó 45 sí 50 nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ lágbègbè náà, nígbà tó jẹ́ pé bíi 12 ni káàkiri ayé. Pé ọbẹ̀ ìlasa ló fà á, kò sẹ́ni tó tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìlasa kún gbogbo ọjà ilẹ̀ Yorùbá. Bó bá jẹ́ òun ni, à bá ti máa fi bọ́ọ̀sì kó ìbejì.

Ẹ tún jọ̀wọ́, ẹ yé fi àwòrán àgùnfọn Kẹ́ńyà ṣàpèjúwe ẹranko Nàìjíríà. Ìnàkí Cross River tó wà ní igbó wa àti ti Kamẹrúùnù kò tó ọ̀ọ́dúnrún mọ́ láyé, kámẹ́rà sì ya wọ́n pẹ̀lú ọmọ wọn ní òkè Mbe ní 2020. Ẹyẹ kan tún wà nínú ìdílé ẹ̀gà, orí rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ dúdú, tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Malimbus ibadanensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é, orúkọ Ìbàdàn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìbéèrè tí mo fi rọ́pò ti tẹlifíṣọ̀n nìyẹn: ẹyẹ wo ló ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn? Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bi àwọn ọmọ. Odídẹrẹ́ ni wọ́n máa ń pariwo.