Bí mo ṣe wọn òkèlè Màámi kó lè bá insulin wọn mu

Àtọ̀gbẹ ń ṣe Màámi. Insulin, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ni wọ́n ń gún. Alápòpọ̀ ni tiwọn, èyí tó ń yára ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń pẹ́ lára pọ̀ nínú rẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó jẹun. Iye yúnìtì tí dókítà kọ fún wọn, bákan náà ni lójoojúmọ́. Òkèlè ni kò dúró sójú kan: lónìí ó kéré, lọ́la ó rí rọ̀gọ̀dọ̀ nínú abọ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn á sì máa gòkè, á máa sọ̀.

Onímọ̀ oúnjẹ nílé ìwòsàn ní kí kábọ̀háídíréètì, èròjà oúnjẹ tó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, máa jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 50 ní ìjókòó kan. Báwo lèèyàn ṣe ń rí gíráàmù 50 nínú ẹ̀bà? Iṣẹ́ tí mo jókòó tì nìyẹn.

Mo ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Gààrí gbígbẹ ni mo wọn, n ò wọn ẹ̀bà, torí omi tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ kì í dọ́gba. Gíráàmù 60 gààrí ń mú nǹkan bíi 50 kábọ̀háídíréètì wá. Mo dà á sínú ife ike tó mọ́ gaara, mo fi bírò fa ìlà síbi tó dé. Mo fa ìlà mìíràn fún èlùbọ́, torí ó kúnná ju gààrí lọ.

Ibi èlùbọ́ yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ará àdúgbò ti sọ fún Màámi pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ loúnjẹ alátọ̀gbẹ, kí wọ́n máa jẹ ẹ́ yó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èlùbọ́ iṣu, èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, láfún, gààrí: bí wọ́n bá ti gbẹ, kábọ̀háídíréètì wọn ò jìnnà síra. Òmíràn lè yára gbé ṣúgà sókè ju òmíràn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí òkèlè bá ti pọ̀ jù, orúkọ rẹ̀ ò lè gbani. Ó ń dùn mí gan-an bí mo bá rí àgbàlagbà tó ń sá fún ẹ̀bà, tó wá ń jẹ òkìtì àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí mo gbé abọ́ àkọ́kọ́ síwájú wọn, Màámi wò mí lójú. "Ṣé ebi lo fẹ́ fi pa mí ni?"

"Ó tì o, Màámi. Ẹ wo ọbẹ̀."

Ẹ̀fọ́ rírò kún inú rẹ̀, ẹja sì pọ̀, torí àwọn yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ní kábọ̀háídíréètì. Wọ́n jẹ, wọ́n yó.

Lẹ́yìn wákàtí méjì, a gún ìka wọn láti wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, mo kọ nọ́ńbà sínú ìwé. À ń fẹ́ kó má kọjá 180 mg/dL (mílígíráàmù ṣúgà nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan). Nígbà tó yá, kò fò sókè-sódò mọ́. N ò fọwọ́ kan iye insulin o. Dókítà ló wo ìwé náà, tó dín ti alẹ́ kù, torí láàárọ̀ ṣúgà wọn ti ń sún mọ́ 70 jù.

Bó bá wálẹ̀ ju 70 lọ, tí òógùn bò wọ́n, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, gíráàmù 15 ṣúgà la ń pò sínú omi fún wọn, ṣíbí ìjẹun kan báyìí. A ó dúró fún ìṣẹ́jú 15, a ó tún wò ó. Bí oúnjẹ ò bá sì tíì jinná, a kì í gún abẹ́rẹ́.

Ìrẹsì nìkan ni mo ń wọn lẹ́yìn tó bá jinná: gíráàmù 180 ti tó 50 yẹn. Màámi ti mọ iye ṣíbí tó jẹ́, àwọn fúnra wọn ló ń bù ú lóde àríyá.