Lílẹ àmì mọ́ àwòṣe bọ́ḿbà Lancaster

Lancaster ni ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ju bọ́ḿbù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àmì ni àwòrán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ orí bébà, tí omi ń mú yọ̀ kúrò. Ọ̀dà dúdú tí kò dán lára àwòṣe máa ń ṣe gbágungbàgun; afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ àmì, á sì máa tàn bíi fàdákà. Kọ́kọ́ fi fáníìṣì dídán kun àwòṣe náà, kó gbẹ fún wákàtí 24. Tí òjò bá ṣú l'Abẹ́òkúta, má fọ́n fáníìṣì rárá. Ọ̀rinrin á sọ ọ́ di funfun.

Gé àmì lọ́kọ̀ọ̀kan, rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20, gbé e jáde, dúró títí yóò fi yọ̀ lórí bébà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Fi búrọ́ọ̀ṣì tì í sáyè, má fi èékánná.

Òrùka pupa àti búlúù ló wà lókè ìyẹ́. Abẹ́ ìyẹ́ kò ní nǹkan kan. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣì há, fi abẹ́rẹ́ gún un, kí o kán oògùn tó ń mú àmì rọ̀ sí i. Bó bá hunjọ, má fọwọ́ kàn án. Yóò tẹ́jú tó bá gbẹ.