Bí a ṣe ń fi píẹ́sò kan ṣoṣo gbọ́ gbígbọ̀n irin, tí a ó sì fi òun náà pa á

Ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ìkẹ́nnẹ́ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ló ń pariwo. Páànù ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí náà ń gbọ̀n, ó sì ń dun etí. Irú páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí wúlò fún. Ariwo tó ń gba sáìlẹ́ńsà jáde kò sí lára ohun tó lè pa, ẹ má náwó sí i.

Píẹ́sò ni nǹkan róbótó funfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ idẹ pẹlẹbẹ, tó ń ké “pííì” nínú aago. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á mú iná wá. Ohun tí Jacques àti Pierre Curie rí ní ilẹ̀ Faransé ní 1880 nìyẹn. Tí ẹ bá fún un níná, òun náà á tẹ̀. Ẹyọ kan lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ etí, kó sì tún jẹ́ ọwọ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Dosch, Inman àti Garcia ṣàlàyé ọ̀nà tí a fi lè ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1992. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iná tí a fi ń darí rẹ̀ máa ń bo ìwọ̀nba iná tí òun fúnra rẹ̀ ń mú wá mọ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi rúlà irin kọ́ ọ. Kí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí ó nípọn tó ìdajì mìlímítà. Ẹ fi kíláǹpù dè é mọ́ etí tábìlì onígi, kí sẹ̀ǹtímítà 20 yọ síta. Tí ẹ bá ta ẹnu rẹ̀, á máa mì ní bí ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù lè bá yín wá píẹ́sò oní-mìlímítà 20, kàpásítọ̀ (èyí tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pa mọ́), rẹsísítọ̀ (èyí tó ń dín iná kù) àti op-amp TL084 (ṣíìpù kékeré tó ń sọ iná di ńlá, tó sì lè yọ iná kan kúrò nínú èkejì).

Ìdí rúlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláǹpù, ni kí ẹ lẹ píẹ́sò mọ́. Ẹnu rúlà ló ń jù fìrìfìrì lójú, ṣùgbọ́n ìdí ló ń tẹ̀ jù, títẹ̀ yẹn sì ni píẹ́sò ń gbọ́. Ẹ fi sándípépà ha ibẹ̀, ẹ fi sípíríìtì nù ún, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ bíi Araldite lẹ̀ ẹ́. Kí gọ́ọ̀mù náà fẹ́lẹ́ gan-an: tó bá nípọn, òun ni yóò máa tẹ̀ dípò píẹ́sò. Ẹ gbé nǹkan wíwúwo lé e di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá ń sódà wáyà, ẹ yára. Bí ooru bá pẹ́ lára rẹ̀, agbára rẹ̀ á kú.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Ẹ pín iná tí a fi ń darí píẹ́sò sí ọ̀nà méjì. Ní ọ̀nà kìíní, ó gba inú píẹ́sò (kó gba ìhà idẹ wọlé), ó gba inú kàpásítọ̀ kan, ó bọ́ sí ilẹ̀ (ìyẹn wáyà òdo fólítì, kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀). Ní ọ̀nà kejì, kàpásítọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti píẹ́sò mu ló dúró ní ipò píẹ́sò. Ìyókù rí bákan náà. Ẹ fi rẹsísítọ̀ oní-mílíọ̀nù 10 óòmù so agbede méjì ọ̀nà kọ̀ọ̀kan mọ́ ilẹ̀. Tó bá kéré púpọ̀ sí èyí, gbígbọ̀n tó lọ́ra á sọnù. Wàyí o, kí op-amp yọ agbede méjì kan kúrò nínú èkejì. Iná tiwa wà níhà méjèèjì, nítorí náà wọ́n á pa ara wọn, á wá ku èyí tí títẹ̀ rúlà mú wá nìkan.

Kò lè rí bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ìhà méjèèjì dọ́gba. Ẹ di rúlà mú gírígírí, ẹ rán iná kékeré tó ń yí ní ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sí i, kí ẹ máa yí kàpásítọ̀ kékeré tó ṣeé yí títí ohun tó ń jáde fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. Ẹ ṣe sùúrù níbí. Ìdajì iṣẹ́ náà nìyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ohun tó jáde kọjá nínú fílítà onípele méjì (èyí tó ń jẹ́ kí gbígbọ̀n tó lọ́ra kọjá, tó sì ń dí èyí tó yára) tí ẹ yí sí ìgbà 10 náà. Fílítà yóò mú un pẹ́ ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan. Ẹ wá sọ ọ́ di ńlá, kí ẹ dá a padà fún píẹ́sò. Pípẹ́ yẹn ló ń mú kí píẹ́sò máa tì lòdì sí ibi tí rúlà ń lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Tí rúlà bá gbọ̀n sí i dípò kí ó dákẹ́, ẹ pààrọ̀ wáyà méjèèjì tó ń ti agbede méjì wọ ibi tí op-amp ti ń ṣe ìyọkúrò.

Kí ẹ tó gbé e lọ sára páànù, ẹ yọ páànù náà sílẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ láìjẹ́ kí ó fara lélẹ̀, ẹ wọ́n gàrí Ìjẹ̀bú tó kúnná sí i, kí ẹ fi sípíkà mú un gbọ̀n. Ibi tí gàrí bá kóra jọ sí kì í gbọ̀n; ibi tó sá kúrò láàárín páànù, tí kì í ṣe etí rẹ̀, ni ibi tó ti ń tẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni kí píẹ́sò wà. Ẹ tún wò ó bóyá iye ìgbà tí páànù ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ tí ẹ bá fọwọ́ gbá a sún mọ́ ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí méjèèjì bá jìnnà síra, ètò yìí kò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀. Ẹ kúkú fi irin dábùú páànù náà kó le.

Ooru a máa yí ìwọ̀n píẹ́sò padà, nítorí náà ẹ tún kàpásítọ̀ yí tí oòrùn ọ̀sán bá mú, kí ẹ tó tún tan ẹ̀rọ.