Pákó wọ́, pákó là: ìdáhùn sí ẹ̀sùn tí ẹ fi ń kan igi

Mo ti dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí títí ó fi sú mi. Kí oníbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi ló ti máa ń dá igi lẹ́bi: "Ìrókò tí wọ́n tà fún mi kì í ṣe ojúlówó", "Ọ̀gànwó ayé ìsinsìnyí ò dáa mọ́." Igi ò jẹ̀bi nínú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Omi ló jẹ̀bi, àti àwa tí a ò bìkítà fún omi náà.

Ìlẹ̀kùn mi kì í tì dáadáa bí òjò bá ti ń rọ̀.

Ó wú ni. Ẹ má fá a nígbà tó wú, torí bó bá gbẹ, àlàfo ni yóò kù sílẹ̀. Ẹ wo orí ìlẹ̀kùn náà àti ìdí rẹ̀. Bí ẹ ò bá fi ọ̀dà kun ibẹ̀, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé.

Ìṣó ń la pákó mi.

Ẹ kọ́kọ́ dá ihò tó tín-ín-rín ju ìṣó lọ. Ẹ má kàn án sún mọ́ ẹnu pákó.

Wọ́n ní "hardwood" ni, àmọ́ èékánná lásán ń ha á lára.

Orúkọ yẹn kò sọ bí igi ṣe le tó. Igi tó ní ewé fífẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, bíi páìnì, ni wọ́n ń pè ní "softwood". Igi balsa fúyẹ́ débi pé ọmọdé lè gbé ìtì rẹ̀, síbẹ̀ "hardwood" ni. Ìwúwo ni kí ẹ béèrè. Bí wọ́n bá gbẹ tán, àrẹ̀rẹ̀, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní obeche, wúwo tó nǹkan bíi 380 kílò ní mítà kúbìkì kan, ìrókò tó 650, òpèpè tó 750. Àrẹ̀rẹ̀ dára fún ohun tí a fẹ́ kó fúyẹ́, tí a sì fẹ́ gbẹ́ láìlágbára. Kò dára fún ojú tábìlì.

Ìyẹ̀fun ń dà sílẹ̀ lábẹ́ àga mi. Ṣé ikán ni?

Rárá. Ikán máa ń fi amọ̀ ṣe ọ̀nà. Kòkòrò tó ń da ìyẹ̀fun máa ń lu ihò róbótó, ìwọ̀n mílímítà kan sí méjì. Oúnjẹ tó wà nínú ara funfun tó yí igi ká lẹ́yìn èèpo ló ń wá. Ìrókò aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín ò ní adùn lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ara funfun ìrókò kan náà, yóò jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Nítorí náà, "ìrókò ni mo rà" kò tó. Ẹ wo etí pákó kí ẹ tó sanwó. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ àga tó bá ní ara funfun, kí ẹ sì tọ́jú ìyókù pẹ̀lú oògùn igi.

Ibi tí mo kan ìṣó sí ní ara igi ìdígbò ti dúdú.

Nǹkan kan wà nínú ìdígbò tó máa ń dúdú bí ó bá pàdé irin àti omi. Ẹ lo ìṣó tí kì í dípẹtà. Ìdígbò tó bá tutù tún máa ń fi àwọ̀ ìyeyè sára aṣọ, ẹ má fi aṣọ funfun sá lé e.

Igi àjà mi ti tẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ gún un, ọ̀bẹ wọlé.

Ẹ jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ pe ẹnjiníà ilé lónìí. Mi ò ní ìmọ̀ràn kankan fún ẹni tó fẹ́ tún èyí ṣe fúnra rẹ̀, ẹ má sì béèrè lọ́wọ́ mi mọ́.

Ẹni tó ta pákó fún mi ní ó ti gbẹ. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ gé ègé kékeré láti inú, kì í ṣe láti ẹnu pákó, torí ẹnu máa ń gbẹ ṣáájú. Ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi sínú ófùn ní 103°C, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Bó bá jẹ́ 120 gíráàmù tẹ́lẹ̀, tó wá di 100, omi tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún igi gbígbẹ náà. Igi kì í súnkì títí omi rẹ̀ fi máa wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 30. Láti ibẹ̀ lọ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún ohun èlò tó máa wà nínú ilé tí amúlétutù ń ṣiṣẹ́, ìdá 8 sí 12 ni mò ń wá.

Ojú tábìlì mi là. Mo dí i, ó tún là.

Èyí fìyà jẹ mí fún ọdún méjì. Tábìlì ìrókò ni, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 90 sẹ̀ǹtímítà, pákó mẹ́fà tí mo fi gúlúù lẹ̀ pọ̀. Mo wọn omi inú wọn, wọ́n gbẹ. Kó má baà wọ́, mo fi igi mẹ́ta dábùú abẹ́ rẹ̀, mo fi síkúrù dè wọ́n pinpin. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó ni ín pè mí. Ó ní tábìlì náà dún bí ìbọn lóru, gbogbo ilé jí.

Mo gbé e padà, mo fi ìyẹ̀fun igi àti gúlúù dí i. Òjò dé, ibi tí mo dí yọ síta bí àpá. Ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Èmi náà wá sọ ohun tí ẹ ń sọ: pákó yìí ni kò dáa. Mo rẹ́ méjì dànù, mo pààrọ̀ wọn. Ó tún là. Mo wá pinnu láti fi igi tó nípọn jù dábùú abẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe tú síkúrù ìdábùú tó gbẹ̀yìn, mo yí tábìlì náà padà, ìlà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Igi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ súnkì ní gígùn rẹ̀ rárá. Fífẹ̀ rẹ̀ ló ń súnkì, ó sì máa ń súnkì ní ìlọ́po méjì bó bá tẹ̀ lé òrùka inú igi ju bó bá kọjú sí àárín lọ. Tábìlì mi fẹ́ fún, ìdábùú tí gígùn rẹ̀ kò yí padà dì í mú, ibi tó rọ̀ jù sì ya. Nígbà tí mo wá wọn fífẹ̀ rẹ̀ lásìkò òjò àti lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, mílímítà mẹ́fà ni ìyàtọ̀ rẹ̀.

Mo dá ìdábùú kan náà padà. Síkúrù àárín nìkan ni mo dè pa. Ihò ìyókù, mo fà wọ́n gùn ní ìhà tí tábìlì ń fẹ̀ sí, kí síkúrù lè máa rìn nínú wọn. Mi ò fi gúlúù kankan sí i. Kò là mọ́ láti ìgbà náà.

Ṣé kí n wá dí èyí tó ti là báyìí?

Ẹ kọ́kọ́ tú ìdábùú, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá pa dé, ẹ fi gúlúù sínú rẹ̀ kí ẹ sì fún un pọ̀. Bí kò bá pa dé, ẹ fi ayùn gba ojú ìlà náà kọjá gbọọrọ, kí ẹ tún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ̀ pọ̀. Ẹ má fi ìyẹ̀fun dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fáníìṣì kun abẹ́ rẹ̀ ní iye ìgbà tí ẹ kun òkè, torí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ bá fi sílẹ̀ níhòòhò ni yóò máa gba omi, tí tábìlì yóò sì ká bí àwo.